Igi Tí Bàbá Mi Fẹ́ràn Jù Mí Lọ

Bí mo bá ń gbẹ́ pẹ́ńsù fún ọmọ mi, òórùn igi yẹn á ta sí mi nímú, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi hú igi júnípà kan, irú igi olóòórùn tí wọ́n fi ń ṣe pẹ́ńsù, lórí òkè Táífù, ó gbìn ín sínú abọ́ pẹlẹbẹ nílé wa ní Jẹ́dà. Ó fẹ́ kí igi tí kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ dà bí àgbà igi. Màmá mi, tó máa ń fi òwú kó irun mi, ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin. Irun mi ti ta kókó lábẹ́ híjáàbù.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, Bàbá jókòó ti igi náà lẹ́bàá fèrèsé. Ó ń yí wáyà mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ láti ìdí dé orí, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè rí bí ẹ̀ka àgbà igi. Ẹ̀ka kan ṣẹ́.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ dáadáa," ni ó wí fún igi.

Nígbà tí ọ̀bẹ gé èmi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, "Lọ fọ̀ ọ́" ló sọ fún mi.

"Bàbá, èmi ńkọ́?"

Ó yọ òwú dúdú lápò. "Wá jókòó."

Ó há mi sáàárín orúnkún rẹ̀, ó pín irun mi, ó ń yí òwú mọ́ ọn láti ìdí dé orí. Kò dùn mí rárá.

Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó mọ̀ pé ara igi yẹn ló ti kọ́ irun kíkó.

Síbẹ̀, mo ṣì ń jowú igi náà. Òun ló kọ́kọ́ mọ ọwọ́ Bàbá.