Nerida Quilty, Ẹni Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Gíwá

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́sàn-án Sátidé ni gíwá yunifásítì wa dé ẹnu ọ̀nà tíátà, Nerida Quilty sì ti ti ilẹ̀kùn pa. Kì í ṣe pé kò mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti oṣù kẹta la ti ń retí ọkùnrin náà, nítorí òun ló fẹ́ wá fojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ wa kó tó sọ bóyá ẹ̀ka tíátà yóò wà tàbí wọn yóò pa á rẹ́ nígbà tọ́dún bá parí. Eré mẹ́rin la fẹ́ ṣe lọ́dún náà. Ìkẹta lèyí, òun nìkan sì ni gíwá ráyè wò.

Ross Haverkamp lorúkọ rẹ̀. Ó kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ibi tóun máa gbé mọ́tò sí lòun ń wá tóun ò fi tètè dé. Nerida ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ìwọ̀n tí imú rẹ̀ fi lè yọ, ó ní eré ti bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni gíwá," ni ọkùnrin náà wí.

"Mo mọ̀ yín. Ọmọ kan wà lórí àkàbà nínú òkùnkùn, mítà mẹ́rin sókè, kò sì sí nǹkan tó dì mú. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn yìí, ìmọ́lẹ̀ á gún un lójú. Ṣé kí n ṣí i?"

Haverkamp wá bi í pé ìgbà wo lòun wá lè wọlé. Nerida ní ìgbà ìsinmi ni, pé ó ku wákàtí kan ó lé díẹ̀, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Nínú ilé, Leith Pascoe, olórí ẹ̀ka wa, jókòó ti àga òfìfo tó fi pa mọ́ fún gíwá. Ó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn, ó sì ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣíwọ́. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé kí ìran kìíní tó parí, òun ti fọkàn kọ ìwé ìwáṣẹ́ méjì.

Ṣùgbọ́n wàhálà Nerida fúnra rẹ̀ pọ̀ ju ti gíwá lọ. Eré náà dá lórí ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ilé gogoro oníná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, àti ọmọbìnrin rẹ̀. Kí ìsinmi tó dé, òṣùpá gbọ́dọ̀ yọ lẹ́yìn ilé gogoro náà. Àwo dísì tẹlifíṣọ̀n ńlá àtijọ́ kan la kùn lọ́dà tá a so iná mọ́ nínú tá a sọ di òṣùpá. Àtàrí àjànàkú ni, kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ẹni tó máa ń fi okùn fà á sókè sì ti jẹ edé tí kò dára lọ́sàn-án, ó dùbúlẹ̀ sílé ìyàgbẹ́, kò lè dìde. Nerida ò lè fà á fúnra rẹ̀, torí òun ni alámòójútó ìtàgé: òun ló ń fọhùn sínú ẹ̀rọ tá a fi kọ́ etí, òun ló ń sọ ìgbà tí iná máa tàn àti ìgbà tí aṣọ máa ṣí. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa la tínrín. Ìgbà yẹn ló rántí ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó fi sínú oòrùn.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Haverkamp jókòó lórí àpótí bíà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń rò ó bóyá kóun máa lọ sílé.

"Kílò mélòó lẹ wọ̀n?" ni Nerida bi í.

Ó rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Nerida tún un bi.

"Méjìléláàádọ́rùn-ún."

"Ẹ tó. Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ tẹ̀ lé mi."

Bí gíwá yunifásítì ṣe di ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ dúró nínú òkùnkùn nìyẹn, tó kọjú sí ògiri, tó ń fa òṣùpá. Bí Nerida bá fọwọ́ kàn án léjìká, á fà á ní ìbú ọwọ́ kan, á dúró. Ó ń lọ déédéé títí òṣùpá fi dé ìdajì ọ̀run, tí táì gíwá wá wọ inú kẹ̀kẹ́ okùn. Òṣùpá dúró gbagidi. Ailsa Mosby, ọmọ erékùṣù Thursday Island tó ń ṣe ọmọbìnrin náà, wà lókè àkàbà, ọ̀rọ̀ tó kàn lẹ́nu rẹ̀ sì ni pé òṣùpá ti dé òkè pátápátá. Ó rí i pé kò tí ì dé. Ó tún ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn sọ, ó fà á gùn. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Tó bá tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn èèyàn á mọ̀. Nerida yọ sísọ́ọ̀sì nínú àpò, kò tọrọ gáfárà, ó gé táì náà sí méjì nísàlẹ̀ ọ̀fun gíwá, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká. Òṣùpá yọ. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́, wọ́n ní bí òṣùpá yẹn ṣe dúró díẹ̀ yẹn, ọgbọ́n ló wà nínú ẹ̀.

Nígbà ìsinmi, Pascoe sáré wá sẹ́yìn láti wá bẹ̀bẹ̀. Ó bá gíwá pẹ̀lú ààbọ̀ táì lọ́rùn, tó ń fẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó pọ́n. Nerida sọ fún ọkùnrin náà pé àga rẹ̀ ń dúró dè é nínú ilé báyìí. Haverkamp bi í pé ta ló máa sọ òṣùpá kalẹ̀ nínú apá kejì. Nerida ní kò tí ì sí ẹnikẹ́ni. Gíwá wo okùn náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí àga yẹn ṣì dúró."

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Nerida lò lọ́dọ̀ wa. Kó tó dé, èbúté ọkọ̀ ní ìlú wa, Townsville, ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń bá àwọn ọ̀gákọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé kí wọ́n wọlé tàbí kí wọ́n dúró. Ó kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wo eré lọ́jọ́ kan ni. Nígbà tí eré parí, ó dúró de Pascoe lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri sọ pé wákàtí méjì leré náà, ṣùgbọ́n ó fi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lé. "Ká ní ọkọ̀ lẹ̀ ń wà ni," ó wí, "ẹ ti forí sọ àpáta." Pascoe ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, irun ṣì wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún. Ó bi í bóyá ó lè ṣe é dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Nerida ti dé pẹ̀lú agolo tíì rẹ̀ àti àga tìmùtìmù kan. Títí dòní, Pascoe ní ìbéèrè lòun bèèrè, òun ò mọ̀ pé òun ti gbà á síṣẹ́.

Àwọn méjèèjì máa ń jà. Ìjà tó pẹ́ jù ni ti òkùnkùn tó gbẹ̀yìn eré kan: Pascoe fẹ́ kó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méje, Nerida ní mẹ́rin ti tó, pé lẹ́yìn mẹ́rin, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn. Wọ́n bínú débi pé wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ailsa á dúró sáàárín wọn, wọn ò jìnnà sí ara wọn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, Nerida á ní kó sọ fún Pascoe pé mẹ́rin ni, Pascoe á ní kó sọ fún Nerida pé méje ni. Lọ́jọ́ kẹta, ó sú Ailsa, ó sọ fún àwọn méjèèjì pé èkejì ti gbà. Àáyá márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n padà lò, oníkálukú sì gbà pé òun ló borí.

Ní ọdún gíwá yẹn, eré àkọ́kọ́ ò rí èèyàn púpọ̀. Ojú wá wà lára ìkejì. Eré ẹ̀rín ni, nípa olè kan tó sá pamọ́ sílé àwọn àna rẹ̀. Ajá ló máa tú u fó: bí ajá bá gbó, wọ́n á mú olè. Tully, ajá Pascoe, la lò. Nígbà tá à ń ṣe ìdánrawò, kò sóhun tí Tully kì í gbó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ìwé ìròyìn ìlú rán ẹnì kan wá, Tully wo gbogbo iná yẹn, ó dùbúlẹ̀, ó sùn lọ. Olè dúró. Àna dúró. Bí ajá ò bá gbó, eré ò ní í parí láé. Ẹnì kan wúkọ́ nínú àwọn òǹwòran. Ìgbà yẹn ni ohùn ajá kan bú jáde láti ẹ̀yìn aṣọ, ajá tí inú ń bí gidigidi, ajá tí wọ́n ti rẹ́ jẹ rí láyé ẹ̀. Wọ́n mú olè. Nerida gbé agolo tíì rẹ̀, ó mu díẹ̀, ó sì pe iná tó kàn.

Ìgbà mẹ́sàn-án ló fi gbó bẹ́ẹ̀ títí eré náà fi parí. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé nínú gbogbo àwọn tó wà lórí ìtàgé, ajá nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe. Nerida gé e jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná rẹ̀. Pascoe ní káwọn sọ òótọ́ fún oníròyìn náà. Nerida kọ̀. Ó ní bí Tully bá gbọ́, inú rẹ̀ á bà jẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òṣùpá, ìgbìmọ̀ yunifásítì jókòó. A kó ara wa jọ sínú yàrá ìdánrawò láti aago mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó lè jẹun. Nerida ní níwọ̀n bí gbogbo wa ti wà níbẹ̀, ká máa ṣe ìdánrawò eré kẹrin. A bẹ̀rẹ̀, a ò mọ ohun tá à ń sọ. Nígbà tó di aago méjìlá, Haverkamp wọlé fúnra rẹ̀, ó so táì tuntun. Ó ní wọ́n bi òun nínú ìgbìmọ̀ bóyá eré náà dára, òun sì sọ pé òun ò mọ̀, ògiri lòun kọjú sí. Ṣùgbọ́n òun sọ fún wọn pé òun rí ọmọ mẹ́rìnlá tó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé iṣẹ́ òun kọ́ nìyí, pé láti ọjọ́ tóun ti di gíwá, òun ò tí ì rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n fún wa ní ọdún mẹ́ta sí i. Pascoe sunkún lójú gbogbo èèyàn. Nerida bi gíwá bóyá ọwọ́ rẹ̀ máa dí lóṣù kẹwàá, torí odò tó wà nínú eré kẹrin wúwo ju òṣùpá lọ.

Nerida nìkan ló mọ̀ nígbà náà pé àìsàn wà nínú ẹ̀dọ̀fóró òun. Ailsa ló kọ́kọ́ fura. Ó ní nínú ẹ̀rọ etí, Nerida ti ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣòfò. Nígbà tí eré kẹrin ku ọjọ́ kan kó parí, ohùn rẹ̀ dákẹ́. Ibi tí odò ti kún wọ ilé ni. Ọmọ tó wà nídìí iná gbé ìka lé bọ́tìnì, ó ń dúró. Ailsa wà lórí ìtàgé, ó gbé ọmọlangidi kan mọ́ àyà, ó ń dúró. A gbọ́ èémí nínú ẹ̀rọ náà, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sún. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ dé, ó há, ó ní, "Iná kejìlélógójì. Báyìí."

Iná tàn.

A bá a lórí eékún rẹ̀, ó di tábìlì mú, ojú rẹ̀ ò kúrò lórí ìwé eré. Pascoe pe áńbúláǹsì. Obìnrin tó bá áńbúláǹsì wá fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, ó fẹ́ bi í lọ́rọ̀, Nerida sì na ìka kan sókè sí i. Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí eré parí. Obìnrin náà wo Pascoe. Obìnrin náà bá kúnlẹ̀ tì í, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lù, títí aṣọ fi padé. Nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde, ó yí sí obìnrin náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tá ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láàárín ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró dè mí."

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ló kú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Coral, wọ bọ́ọ̀sì láti Charters Towers wá kó ẹrù rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó gbé báàgì mọ́ra. Kò wo eré rí. Ó bi Pascoe pé iṣẹ́ wo gan-an ni àbúrò òun ń ṣe níbẹ̀, torí nígbàkigbà tóun bá bi í lórí fóònù, ohun tó máa ń sọ ni pé inú òkùnkùn lòun máa ń jókòó sí. Pascoe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iná àti aṣọ àti àmì, ṣùgbọ́n kò yé Coral. Ailsa ló mú Coral lọ́wọ́, ó sì mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, síbi àga tìmùtìmù náà.

Coral jókòó. Ó wo iwájú, ó tẹ orí sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì.

"Ẹ̀yìn èèyàn nìkan ló ń hàn láti ibí," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ailsa dá a lóhùn. "Òun ló ń bá wa ṣọ́ ẹ̀yìn."

Coral wá bi wá bóyá a lè ṣe díẹ̀ kóun rí i. Àwa mẹ́fà tó wà níbẹ̀ gun orí ìtàgé, a ò wọ aṣọ eré, kò sí iná, a kọjú sí àwọn àga òfìfo, a sì ṣe ibi tí odò ti wọlé. A gbọ́ tí Coral rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tá a parí, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ yíjú padà nínú wa.

"Ẹ tún un ṣe," ni ohùn Coral wí láti inú òkùnkùn. "Ẹ rọra ṣe é. Bọ́ọ̀sì mi di aago mẹ́rin."