Òkè Kan Ṣoṣo Tó Wà ní Gbégamey

Gbogbo ẹni tó bá mọ Kútọnu ló mọ̀ pé Ọlọ́run gbàgbé láti fi òkè sí i. Iyanrìn ni, omi ọ̀sà ni, iyanrìn tún ni. Nítorí náà, nígbà tí òkè kan yọ lójijì níwájú ilé Yísà ní Gbégamey, kété lẹ́yìn ọdún tí àwọn ọmọ ogun àgbàṣe fi bàálù já wọ ìlú, tí gbogbo ènìyàn ṣì ń fi ojú ìfura wo ìkòkò tí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ìgbìmọ̀ àdúgbò kò lè fọwọ́ lẹ́rán.

Òkè náà ga tó ènìyàn tó nàró. Iyanrìn àti amọ̀ pupa ni Yísà fi mọ ọ́n, ó sì fi ìkarahun gún un títí ó fi le bí ilẹ̀ títì. Orí rẹ̀ ló gbé bàṣé rẹ̀ lé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré oní-dísẹ̀lì tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ náà kọ imú sí ìgboro bí ìbọn àgbá tó ń wá ẹni tí yóò pa.

Alága ìgbìmọ̀ mú ènìyàn méjì dání wá. Dúrótoyè, akọ̀wé èbúté, ọmọ Pobè tó ń gbé ilé kejì, fi ẹ̀kọ àárọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré jáde. Bí wọ́n bá mú Yísà lọ, ta ni yóò máa bá òun kó ẹrù?

"Ẹ̀húzù!" ni alága kí i, bí ìjọba àwọn kàmáràdì ti ní kí wọ́n máa kíni.

"Dándán!" ni Yísà dáhùn. Ó ń fi èkísà nu dígí ọkọ̀ rẹ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

"Kàmáràdì Yísà, kí ni èyí?"

"Òkè ni, kàmáràdì."

"Èmi náà rí i pé òkè ni. Kí ló ń ṣe níbí?"

"Ó ń dúró ni."

"Ó ń dúró de ta?" Àwọn méjì tó tẹ̀lé alága ti ń wo abẹ́ ọkọ̀.

Yísà ká èkísà rẹ̀ dáadáa. "Kàmáràdì alága, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ ọ́ fún wa ní ìpàdé pé kí olúkúlùkù kọ́kọ́ gbára lé agbára ara rẹ̀? Bátìrì ọkọ̀ mi, ilẹ̀ àwọn amúnisìn ló ti wá. Bí mo bá jí i láàárọ̀, á ní òun kò jí. Ìgbà tó ṣe, mo ní kí ó máa sùn lọ. Òkè mi ni mo gbára lé. Bí mo bá ti tú búrẹ́kì, ọkọ̀ á yí, mo ki jíà bọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì á dáhùn. Dísẹ̀lì kì í tọrọ iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí á ṣáà ti yí i."

Alága wo òkè, ó wo Yísà, ó tún wo òkè. Òun tó wá láti wó o yí padà lọ sílé. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ó fi òkè Yísà ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo àdúgbò, orí rẹ̀ gan-an ló sì dúró lé sọ ọ́, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. Láti ìgbà náà, bí àsọyé bá ti ń gùn, Yísà á na ọwọ́ sókè, á ní, "Kàmáràdì alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ ṣíná ọkọ̀."

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Yísà. Òwò ló gbé e dé Kútọnu, Nimota ọmọ Sákétè, tó fi ṣe aya, ló sì dá a dúró síbẹ̀. Kò sí ìgbà kan tó gbà pé nǹkan kan ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ní bátìrì rẹ̀ kú, á ní òtútù ló mú un. Nígbà kan, ó yọ bátìrì náà, ó gbé e sí orí páànù sá sínú oòrùn, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń sá òkúta tọ́ọ̀ṣì. Nimota sá ata tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ata ti gbẹ, bátìrì kò gbọ́ràn, Yísà sì ní ata ló gba gbogbo oòrùn lọ.

Kí òkè tó dé, ibi tó bá ga díẹ̀ nìkan ló máa ń dúró sí, bí ẹsẹ̀ afárá àtijọ́. Bó bá fẹ́ jẹun ní àdúgbò Jonquet, ẹ́ńjìnnì á máa kù lójú títì títí á fi fọwọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ ìwà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó bá òun kẹ́rù, yálà kí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá afárá, tàbí kí ó jẹ́ olómọ púpọ̀ tí wọ́n lè ti ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí òkè ní èbúté, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ Dúrótoyè jẹ́. Òfin ibẹ̀ ni pé kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù sí i lọ́kọ̀. Yísà á pa á. Wọ́n á dì í tán. Yísà á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á ní "kẹ̀," á sì dákẹ́. Ẹnu géètì ni wọ́n sábà ti ń di ẹrù sí i, ibẹ̀ ló sì ń kú sí, níwájú àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí Nijẹr, tí fèrè wọn ń dún bí ìgbà tí màlúù rí ẹkùn. Àwọn alábàárù á pa iṣẹ́ tì, wọ́n á wá ti bàṣé. Ó di eré ìdárayá fún wọn.

Dúrótoyè ló ṣe onígbọ̀wọ́ Yísà níbi iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá rẹ̀ pè é wọ yàrá, kò pariwo, ohùn pẹ̀lẹ́ ló lò, èyí sì burú ju ariwo lọ.

"Dúrótoyè, wọ́n ń wá akọ̀wé ní Malanville."

"Ọ̀gá, ẹnu ààlà Nijẹr ni Malanville, ó jìn."

"Bí bàṣé yẹn bá tún dí géètì mi, ìwọ ni màá fi ránṣẹ́. Bóyá ibẹ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

Dúrótoyè kò sùn dáadáa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ sílé ẹ̀kọ́ tuntun, ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ pé tó bá di Malanville, kí ó máa kọ̀wé sílé. Ó wá bátìrì tuntun ní èbúté fún Yísà. Inú gbogbo ayé dùn fún ìwọ̀nba ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà bátìrì tuntun kú gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Dúrótoyè sọ, "ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù mọ́." Ó sì lọ mú Ràṣídì wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe iná ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ràṣídì gun òkè, ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ó wo omi bátìrì, ó pé. Ó ha ìpẹpẹ funfun ara orí rẹ̀ méjèèjì dànù. Ó ní kí Yísà fi kọ́kọ́rọ́ sápò, kí ó sì ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó tú wáyà kan kúrò lórí bátìrì, ó tún fi kàn án díẹ̀. Iná ta pàrà!

"Hẹn-ẹn," ni Ràṣídì wí. "Ọkọ̀ sùn, kọ́kọ́rọ́ wà lápò, síbẹ̀ ẹnì kan ń jẹun nínú ìkòkò."

"Ọkọ̀ mi ló ń mí," ni Yísà dáhùn. "Ṣé kí ohun tó wà láàyè má mí ni?"

Ràṣídì yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wáyà kan bátìrì lẹ́yìn èyí tó bá yọ. Iná ń ta. Ó yọ gbogbo wọn tán, iná ṣì ń ta. "Ohun tó ń jẹ ẹ́ kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ so mọ́ bátìrì yìí?"

Yísà ṣàdédé rántí pé òun kò tí ì kírun. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé.

Dúrótoyè ló kọ́kọ́ rí i: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí wọ́n fi ìkọ́ há mọ́ orí bátìrì kí ó lè ṣeé yọ láàárọ̀, tó bọ́ sísàlẹ̀, tó wọ inú amọ̀ òkè lọ. Ó fà á. Wáyà ń jáde nínú ilẹ̀ bí ìtàkùn ọ̀dùnkún. Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń tẹ̀ lé e, títí ó fi mú wọn dé ihò kan lára ògiri, ní yàrá Ìyá Àgbà.

Ìyá Nimota ni Ìyá Àgbà, àna Yísà. Gbogbo àdúgbò mọ ìjà àwọn méjèèjì. Yísà kì í rí àna rẹ̀ fín o. Láràárọ̀ ni ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, ilẹ̀ tó wà náà ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Wọ́n bá ìyá náà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ gílóòbù tó mọ́lẹ̀ rekete lọ́sàn-án gangan. Fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Amọ̀ pupa ni wọ́n rí níbẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Àgbà. Ta ló fa iná yìí fún yín?"

"Ta ni ì bá ṣe bí kò ṣe ọkọ Nimota? Ó fi òkè dí mi lójú fèrèsé. Mo ní kí ó gbé e kúrò. Ó ní, 'Ìyá wa, ẹ ti rí ibi tí òkè ti kúrò rí?' Nígbà tí mo fẹ́ máa fọwọ́ tálẹ̀ nínú yàrá ara mi, ó gbé oòrùn kékeré yìí wá. Tí ẹ bá pa á, èmi yóò pa yín."

Ràṣídì jókòó sílẹ̀. Ó fi ìka rò ó: nítorí bátìrì ni òkè ṣe wà, nítorí òkè ni iná ṣe wà, nítorí iná sì ni bátìrì ṣe kú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Dúrótoyè kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti sọ fún un pé oòrùn Malanville kì í ṣe kékeré.

Wọ́n ká Yísà mọ́ ẹ̀yìn ilé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yìí wá!"

"Kí ni mo mọ̀?"

"Pé iná ìyá yìí ló ń pa bátìrì. Ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ìlú máa ti ọkọ̀, kí wọ́n máa fi yín ṣẹ̀sín. Ṣé nítorí rẹ̀ ni?"

"Nítorí ta? Obìnrin yẹn?" Yísà yọ ṣùtì. "Mo kàn fẹ́ kí ó máa rí mi dáadáa tó bá ń bú mi ni."

Kí wọ́n wó òkè? Alága gbọ́, ó fò sókè. Òkè tí òun ti fi ṣe àpẹẹrẹ níwájú ènìyàn! Kí wọ́n já iná? Ìyá Àgbà ti sọ ohun tí yóò ṣe. Dúrótoyè kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, Ọjọ́ Ajé ni ẹrù ń wọlé. Bí ẹ bá tún dí géètì, mo lọ nìyẹn."

Yísà wọlé lọ wo yàrá Ìyá Àgbà. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, àwọn ará ilé rí i tó ń ru bẹ́ẹ̀dì. Yàrá tirẹ̀ wà ní apá kejì ilé, òkè kò dí i, fèrèsé méjì ló ní, afẹ́fẹ́ òkun ń wọ ọ́. Ó kó ẹrù Ìyá Àgbà síbẹ̀, ó kó tirẹ̀ sínú yàrá tó dojú kọ amọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ já wáyà náà.

"Afẹ́fẹ́ yàrá mi ti pọ̀ jù," ló wí fún ẹni tó bá bi í. "Ó ń dí mi létí." Nimota ní òun kò lè bá ẹnikẹ́ni gbé inú ihò, ó lọ ń sùn sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n di ẹrù tán ní èbúté. Yísà yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì ké kí ó tó yí i tán. Bàṣé gba ẹnu géètì kọjá wẹ́rẹ́. Àwọn alábàárù tí wọ́n ti ká apá aṣọ sókè dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò ó lọ, bí ẹni tí wọ́n pè síbi àsè tí wọn kò fún lóúnjẹ.

Ìjọba àwọn kàmáràdì kò tí ì yí padà nígbà tí Yísà ṣàìsàn díẹ̀, tó sì kú. Dúrótoyè, tó ṣì ń kọ̀wé ní èbúté ní Kútọnu níbí, wà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ọmọ Ìyá Àgbà ọkùnrin ti gbé mọ́tò wá láti Sákétè. Wọ́n ní kò bójú mu kí ìyá àwọn máa gbé ilé àna tó ti kú, wọ́n sì ti ń kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìyá náà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kò mira.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni èyí àgbà wí. "Àárín ẹ̀yin àti ọkùnrin náà kò kúkú gún. Ìjà ni ẹ fi gbogbo ayé yín jà."

"A jà," ni Ìyá Àgbà dáhùn. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mi jà rí, èwo nínú yín ló fún mi ní fèrèsé?"

Èyí àgbà bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí ìyá rẹ̀, ó sì gbé e padà wọlé.