Àpò Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Tú

Láàárín àwọn ọdún 1990, tí epo bá ti wọ́n ní Ìlọrin, kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gùn lọ wo ìyá mi ní abúlé kan lẹ́yìn Àfọ̀n. Ọ̀nà náà jìn, mo sì nílò àpò tí mo lè so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó kẹ̀kẹ́.

Ní Ọjà Tuntun, oníṣòwò kan gbé méjì síwájú mi, ọ̀kan tapólì, ọ̀kan awọ dúdú tó ní ìdérí. Ó ní awọ ewúrẹ́ gidi ni. N kò gbà á gbọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo fi èékánná ha á, mo tún ní kó jẹ́ kí n ṣáná sí i létí, bóyá rọ́bà ni.

Ó wò mí títí. “Ẹ ṣáná sí i. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti sun ún, ẹ ti rà á nìyẹn.”

Ó rùn bí irun tó jóná, kì í ṣe bíi rọ́bà. Mo rà á.

Bí ẹrù bá wúwo sí apá kan, kẹ̀kẹ́ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni mo máa ń to sípánà àti tíúbù sí, búrẹ́dì àti ṣúgà ìyá mi á wà lókè. Kí irin má baà máa pariwo, ìyàwó mi fún mi ní ògbólógbòó aṣọ ọmọbìnrin wa kékeré láti fi wé e.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, omi bo afárá tí mo máa ń gbà. Mo bá gba inú abúlé mìíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ ti gba gbogbo agbègbè náà nígbà yẹn. Àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán dúró sójú ọ̀nà.

“Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àpò yín ká rí i.”

Nígbà tí wọ́n dé ìdí aṣọ ọmọ náà, wọ́n fà á jáde, wọ́n sì yí mi ká. Ìpẹtà sípánà ti ràn mọ́ ọn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ.

“Ọmọ mi ló ni ín,” mo ní. “Sípánà ló bà á jẹ́.”

“Ọmọ náà dà?”

“Ó wà nílé, ní Ìlọrin.”

Ó dún bí irọ́ létí èmi gan-an.

Mo ní ìyá mi ni mò ń lọ wò. Lèmọ́mù wọn béèrè orúkọ rẹ̀ àti abúlé rẹ̀, ó sì rán ọlọ́kadà kan lọ pè é. Wọ́n fi igbá bu omi fún mi. Mo wo inú igbá náà dáadáa kí n tó mu ún.

Nígbà tí ìyá mi dé, kò kí mi. Aṣọ náà ló kọ́kọ́ gbà, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

“Aṣọ ta nìyí?”

“Ti ọmọ-ọmọ yín ni, Ìyá.”

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìkan ló rí ọmọ náà rí. Ó wo ojú mi pẹ́, kó tó kọjú sí lèmọ́mù. “Ọmọ mi ni. Mo dúró fún un.”

Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sì bá mi di ẹrù padà. Ìyá mi mú mi lọ sílé. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan búrẹ́dì náà.

“Tó o bá tún ń bọ̀,” ó ní, “mú ọmọ yẹn wá.”

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, èmi àti ọmọ náà wọ mọ́tò lọ. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ó yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ìgbà náà ló tó kí mi káàbọ̀.