Orúkọ Tó Ti Ìlẹ̀kùn Kọ̀ǹpútà

Imuna kì í gbàgbé nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ogbó ló ń dà á láàmú. Abẹ́ igi kan létí ọgbà màlúù ni wọ́n bí i sí, ẹnikẹ́ni ò kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, síbẹ̀ ó mọ gbogbo kòtò omi tó wà láti ibẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ òkè, ó sì mọ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ó fọ aṣọ fún àwọn òyìnbó ajíhìnrere nígbà tó wà lọ́mọge. Ó bímọ mẹ́rin, ó sin ọ̀kan. Koríko aginjù ló fi ń hun agbọ̀n báyìí. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà sọ di ọ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdé kan ṣoṣo.

Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ló gbé e dé ìdí kọ̀ǹpútà, Murray ni. Kíndìnrín Murray ọkọ rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tó ti wà ní Alice Springs, ìlú ńlá tó jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Fóònù kékeré tó wà lọ́wọ́ Imuna, ohùn àti àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ní yàrá táwọn obìnrin ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo Wẹ́sídeè ló ń rí ojú ọkọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á jọ sọ̀rọ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí, o tún ti sanra," ni Murray máa ń wí.

"Ìrù ẹran kangarú tìẹ ni mò ń bá ẹ jẹ," lòun náà á fèsì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ọmọbìnrin kan láti ìlú Adelaide, Tamsin, ló ń kọ́ àwọn obìnrin méjìlá náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n yan páásíwọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi máa ṣí kọ̀ǹpútà. "Ẹ má sọ ọ́ létí mi o. Tiyín ni. Ẹ ṣáà mú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ò ní gbàgbé láé."

Ẹnì kan dábàá orúkọ ajá rẹ̀, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Tamsin jáde, wọ́n fẹnu kò sí orúkọ ìbílẹ̀ ẹ̀gbọ́n Imuna, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn. Inú ìyá náà dùn, ó nawọ́ sókè.

"Ẹ ò rí mi bí! Mo ti di kọ́kọ́rọ́! Ẹni tí ò bá kí mi ò ní wọlé!"

Áà! Obìnrin méjìlá tí wọ́n mọ òfin ilẹ̀ wọn dunjú, kò sí ẹyọ kan tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ náà lè kú.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó kú. Ẹni tó bá sì kú lọ́dọ̀ wa, orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu nìyẹn, títí ọdún á fi gorí ọdún. A kì í pè é, a kì í kọ ọ́. Ẹlòmíì tó bá ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, Kunmanara la ó máa pè é. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ṣì wà ní àgọ́ ọ̀fọ̀ lẹ́yìn ìlú, Tamsin, tó ti padà sílé, pè láti Adelaide. Fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà fi ń bẹ̀bẹ̀ kí kọ̀ǹpútà máa wà lọ́dọ̀ wọn wà nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ti kọ ọ́ tán. Tí wọn ò bá fi ránṣẹ́ kí aago mẹ́rin Fúráìdé tó lù, wọ́n á kó gbogbo kọ̀ǹpútà náà lọ sí ìlú mìíràn. Imuna ronú kan Murray. Ó dìde, ó lọ.

Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Àpótí òfìfo kan ń dúró de ọ̀rọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: "Mo ti gbàgbé." Fóònù dún, Tamsin ni.

"Mà, ṣé ẹ ti wọlé?"

"Rárá."

"Àbí ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn ni?"

"Mi ò gbàgbé."

"Ó dáa, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

"Mi ò lè tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ti gbàgbé nìyẹn, mà."

"Tamsin! Ṣé etí ẹ di ni? Mo ní mi ò gbàgbé! Ọ̀rọ̀ náà ti di Kunmanara!"

Tamsin ti pẹ́ díẹ̀ láàárín wa, ó yé e. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Ẹ ò ní láti tẹ orúkọ kankan. Ẹ ṣáà tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Mo ti gbàgbé' sí. Wọ́n á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ ó sì yan ọ̀rọ̀ tuntun."

"Irọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀rọ lásán ni, mà."

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹ̀rọ lásán." Imuna pa fóònù.

Orí rẹ̀ wá dà rú pátápátá. Ó mọ̀ pé tí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ náà, àmì róbótó dúdú dúdú nìkan ló máa ń hàn. Tí ẹnikẹ́ni ò bá rí i, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́, ṣé a ti kọ ọ́ nìyẹn? Ṣé ìka máa ń pe orúkọ ni? Ó na ìka sí lẹ́tà àkọ́kọ́, ó fà á padà. Ẹ̀rù bà á, inú sì bí i. Aago mẹ́ta ti kọjá.

Ó sáré padà sí àgọ́, ó bá Rhoda, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú náà, ó sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Rhoda ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó le koko mọ́ ọn.

"Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ti gbàgbé Màámi?"

"Mi ò fẹ́."

"Ẹ wá fẹ́ tẹ orúkọ wọn?"

"Mi ò fẹ́!"

"Kí lẹ wá fẹ́ gan-an?"

"Murray ni mo fẹ́ máa rí." Imuna bú sẹ́kún.

Rhoda gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò láṣọ. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi lọmọ. Èmi ni màá pa irọ́ náà."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n débẹ̀. Rhoda gbọ́wọ́ lé ibi tí wọ́n kọ 'Mo ti gbàgbé' sí, ọwọ́ kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ọwọ́ kọ̀. Imuna wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ti ọmọ náà, wọ́n sì jọ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan yọ: "Má ṣèyọnu. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo èèyàn."

"Kò ṣẹlẹ̀ sí mi o!" Imuna pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi! Kò ṣẹlẹ̀ sí mi!"

Nọ́ńbà wọlé sórí fóònù. Kòtò omi kan ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, èyí tí omi rẹ̀ kò gbẹ rí. Fọ́ọ̀mù lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tó di Wẹ́sídeè, ojú Murray yọ. Wọ́n ti ròyìn fún un.

"Wọ́n ní o gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù," ó ń rẹ́rìn-ín. "Ogbó ti dé nìyẹn, ìyáàgbà."

Imuna kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Wọ́n ní mo gbàgbé."