Bàtà Màmá Lẹ́nu Ọ̀nà Odò

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé ibi mímọ́ ni, mo ti mọ̀ pé ibi mímọ́ ni. Inú ìdílé Àgùdà ni wọ́n bí mi sí ní Kútọnu, wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi kí n tó hu eyín, mi ò sì bá Ọlọ́run ṣẹjọ́. Kòmítè tó ń bójú tó ọ̀nà ibẹ̀ ni mo bá ṣẹjọ́. Òfin ni mo kọ́ ní yunifásítì ní Kàlàví, àwọn tó kọ́ wa sì máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ rojọ́ kó má rò ó wúrúwúrú. Mi ò ní rò ó wúrúwúrú.

Abúlé kan létí odò Wẹ̀mẹ̀ ni. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn àlùfáà àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí láyé àtijọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ tí wọ́n kọ́ ṣì dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrùlé rẹ̀ ti lọ. Ibojì àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ni ní kátíkísímù wà lábẹ́ igi máńgòrò. Èbúté náà ṣì wà, àwọn òkúta pẹlẹbẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi bí àtẹ̀gùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú omi lọ sílẹ̀, àwọn èèyàn á wá láti Kútọnu, láti Àjàṣẹ́, láti Pobè, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ẹnu ọ̀nà abúlé dé èbúté, wọ́n á máa gbàdúrà lọ.

Màmá mi ní ẹ̀jẹ́ kan níbẹ̀, àwọn kọ́ ni wọ́n sì jẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, ibà mú wọn débi pé ará ilé ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá wọn pọ̀n wọ́n, ó rin ọ̀nà náà dé etí omi, ó ní bí ọmọ yìí bá yè, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá síbí, yóò sì wọ omi yìí. Ọmọ náà yè. Màmá lọ sílé ìwé, wọ́n lọ sílé ọkọ, wọ́n ta aṣọ lọ́jà Misẹ̀bó títí orúnkún wọn fi kọ̀ fún wọn, wọ́n bí wa, wọ́n sin bàbá wa. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wí pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún tó ń bọ̀ náà wá dé, àtọ̀gbẹ ti ṣáájú rẹ̀ dé.

Ẹni tó bá ń tọ́jú alátọ̀gbẹ nílé mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹsẹ̀ Màmá ò mọ ìrora mọ́. Wọ́n lè tẹ ìṣó kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Dókítà sọ ọ́ níwájú èmi àti àwọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ rìn láìwọ bàtà, kódà láti orí bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀. Mo ra bàtà aláwọ rírọ̀ kan fún wọn, tó bo gbogbo ọmọ ìka. Bàtà yẹn ni wọ́n wọ̀ lọ.

Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó so ọ̀já búlúù kọ́ àyà, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n to àwọn àpò ìrẹsì sí, bàtà àwọn èèyàn ló kún inú wọn.

"Tàntí, ẹ bọ́ bàtà. Màmá náà, ẹ bọ́ ọ."

Mo ṣàlàyé fún un pé aláìsàn ni wọ́n. Mo fi Faransé ṣàlàyé, mo fi Gùn ṣàlàyé.

"Ilẹ̀ mímọ́ ni, Tàntí. Mósè pàápàá bọ́ tiẹ̀."

"Mósè ò ní àtọ̀gbẹ."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń tú okùn bàtà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Dókítà ní—"

"Dókítà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá mi pọ̀n mí."

Mo wá bi ọkùnrin ọlọ́jàá náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ibí yìí náà la ó gbà jáde? Ó gbọ́ mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó fun fèrè, ó ní kí n má dí èèyàn lọ́nà. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó mọ ìdáhùn, ó sì gbé e mì.

Ìdáhùn náà rèé. Láyé ìyá Màmá, ibi téèyàn bá gbà wọlé náà ló ń gbà jáde, bàtà rẹ̀ á sì máa dúró dè é. Nígbà tí èrò wá pọ̀, kòmítè ṣe ọgbà oparun sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa lọ síwájú, kí wọ́n jáde sí ọjà ẹja ní òdìkejì abúlé. Wọ́n yí ọ̀nà padà, wọn ò yí òfin padà. Bàtà wà níhìn-ín, èèyàn ń jáde lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì rí i pé ẹsẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà dára. Iyanrìn ni, wọ́n gbá a mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀, obìnrin tó ń tọ́ wa sọ́nà fi àmì àtẹ́lẹwọ́ hàn wá lára ògiri, ọwọ́ àwọn obìnrin tó rẹ́ ẹ nígbà náà. Màmá gbé ọwọ́ tiwọn lé ọ̀kan, ó ṣe rẹ́gí. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Èmi náà gbàgbé ọlọ́jàá fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn ibojì, iyanrìn tán. Kòmítè ti da òkúta tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́ sójú ọ̀nà, kí àkúnya omi má baà gbá a lọ. Tuntun ni, ẹnu rẹ̀ mú. Omi wà lápá òsì, àbàtà wà lápá ọ̀tún, oparun há wa mọ́ àárín. Mo yíjú wẹ̀yìn pé ká padà, èrò ti dí ọ̀nà pa, wọ́n ń kọrin bọ̀.

"Màmá, ṣé kò dùn yín?"

"Kò dùn mí rárá. Máa bọ̀."

Ìdáhùn yẹn ló já mi láyà. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ lórí òkúta kí àwọn tó mọ̀ pé àwọn ti fara pa.

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára ọgbà níbẹ̀, wọ́n fi àgádágodo tì í. Nítorí pé ọ̀nà náà rí kọ́lọkọ̀lọ, láti ojú ihò oparun ni mo ti ń wo àwọn àpò bàtà lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn àbàtà. Mo ní kí obìnrin tó ń tọ́ wa sọ́nà ṣílẹ̀kùn.

"Ọwọ́ alága kòmítè ni kọ́kọ́rọ́ wà, Tàntí."

"Alága dà?"

"Wọ́n wà nínú Máàsì."

"Ẹ pè wọ́n."

"Wọ́n ní ká pa fóònù ní ibi mímọ́."

Bàbá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn mi fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká kọjá, oòrùn ti ń mú." Kò sọ̀rọ̀ burúkú. Mo tú gèlè mi, mo fà á ya sí méjì, mo fi di ẹsẹ̀ Màmá. A ń lọ díẹ̀díẹ̀. Orin ń tì wá lẹ́yìn.

A dé èbúté. Omi náà rọra ń lọ, ó rí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Màmá tẹ̀ba, wọ́n fẹ́ tú gèlè kúrò lẹ́sẹ̀. Mo bọ́ sáàárín àwọn àti omi.

"Ẹ má wọ̀ ọ́, Màmá."

"Kí ni mo wá ṣe nígbà náà?"

"Egbò wà lẹ́sẹ̀ yín. Màlúù ń mu omi yìí."

"Màlúù ń mu ún lọ́jọ́ tí ìyá mi dúró síbí."

"Ẹsẹ̀ yín ni wọ́n máa gé."

"Ṣé ẹsẹ̀ ẹ ni?"

Mi ò kúrò. Bí mo bá gbà, egbò náà lè kẹ̀. Bí mi ò bá gbà, wọ́n á gbé ẹ̀jẹ́ náà wọ sàréè, èmi ni mo sì dí wọn lọ́nà. Mo wá wí pé, "Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ yìí. Ìyá ló jẹ́ ẹ fún ọmọ. Ó yẹ kí ọmọ lè san án fún ìyá."

"Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní Kàlàví nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ó dáa. Wọ̀ ọ́."

Mo wọ omi dé orúnkún. Àdúrà kọ́ ló wà lọ́kàn mi. Ohun tí mo máa sọ fún alága ni mo ń tò lọ́kàn, ti fèrè, ti òkúta, ti kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo jáde, Màmá ò wo ẹsẹ̀ mi. Ojú mi ni wọ́n ń wò.

Ní ẹnu àbájáde, lọ́jà ẹja, mo rí ohun tó bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó ti wá síbẹ̀ rí ló yọ sálúbàtà láti inú àpò, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n lọ. Obìnrin kan rí gèlè lẹ́sẹ̀ Màmá, ó ní, "Áà, ẹ ò mú èkejì dání?" Gbogbo wọn mọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń mú èkejì dání, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún kòmítè pé ohun tí wọ́n ń ṣe ò dáa. Mo gun alùpùpù sẹ́mìjàn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Bàtà Màmá wà nísàlẹ̀ àpò, ó ti tẹ̀ pẹrẹsẹ.

Láti ìgbà náà, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń kúnlẹ̀ síwájú Màmá pẹ̀lú bàsíà, mo máa ń fọ egbò náà. Ó wà lábẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù. Kò kẹ̀, kò sì tíì san. Alága gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó pè wá lórí fóònù. Màmá gbà á, wọ́n ní, "A dúpẹ́ o. Ọ̀nà yín mọ́ tónítóní." Ẹsẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ mi. Mo na ọwọ́ kejì pé kí wọ́n fún mi ní fóònù. Wọ́n pa á.

"Màmá, kí ló dé?"

"A ò bá wọn ṣẹjọ́."

"Èmi bá wọn ṣẹjọ́."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ́ náà ò fi tíì san. Ìwọ lo wọ omi, ṣùgbọ́n o gbé alága wọ̀ ọ́ dání. Bí ẹsẹ̀ yìí bá ti san, a ó padà lọ. Kó tó dìgbà yẹn, kí o ti bá wọn jà tán."

Bó ṣe di pé mò ń kọ ọ́ nìyí. Màmá ò gbà kí n rò ó níwájú alága, èmi náà ò sì lè gbé e padà dé etí omi. Mo ti sọ ti ọlọ́jàá, mo ti sọ ti òkúta, mo ti sọ ti kọ́kọ́rọ́ àti ti àwọn onísálúbàtà. Mo rò pé bí mo bá tò ó tán, inú mi á fúyẹ́. Kò tíì fúyẹ́. Láàárọ̀ yìí, egbò náà ti ń papọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè wò mí, bí ẹni tó ń wo èyí tó máa kọ́kọ́ san, egbò náà tàbí èmi.