Lẹ́búlẹ́bú tí Hadiza gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọkàn mi ò kúrò nílé-ìwé rí.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn kòkòrò bàbá mi ní àdúgbò Kirkissoye ni mo wà láàárọ̀ nígbà tí Hadiza wọlé. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì, kí àìsàn bàbá tó mú mi pa ẹ̀kọ́ tì, tí mo wá dúró ti ọjà.

Ó gbé ike kékeré kan tó mú wá láti ilé ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́ kalẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú funfun ló wà nínú ẹ̀.

"Yanrìn la fi ṣe é. Ojú lásán ò lè rí hóró ẹ̀ kan, ihò sì kún ara ẹ̀. Inú ihò yẹn la ń kó oògùn sí, á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́gbà ò ní máa fín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́."

Bàbá kan tó ń gbin saláàdì létí odò, tó wá ra oògùn, bi í pé: "Bí òjò bá fọ̀ ọ́ lọ ńkọ́?"

Kí Hadiza tó lanu, mo ti dáhùn: "Wọ́n lè fi ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ewé bò ó lára."

Hadiza yíjú sí mi. "Ohun tí à ń gbìyànjú ẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn! Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"À ń wá ẹnì kan kún wa. Wá lọ́jọ́ Ajé."

Nígbà tó lọ, omi bọ́ lójú mi. Iṣẹ́ yẹn ṣì ń wù mí gan-an. Mo ti sọ fún un pé mo ń bọ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ò tíì gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti padà sídìí ohun tí ẹ fi sílẹ̀, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ fún òbí yín?