Lẹ́tà Ara Ọkọ̀ Ìyàwó

Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń tẹ orúkọ ọkọ̀ ojú omi jáde ní Igbokoda báyìí, wọn a wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi bíi báńdéèjì lára egbò. Ṣùgbọ́n òórùn ọ̀dà tútù kan ní èbúté lánàá gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa létí omi, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Bùọ̀dá tó ń fi ọ̀dà kọ lẹ́tà ń kọ AYỌ̀ DÉ sára ọkọ̀ tí yóò gbé Àǹtí, àbúrò bàbá mi obìnrin, lọ sílé ọkọ. Ó fún A ní ìrù tó ká kò bí edé, ó fi òjìji dúdú sẹ́yìn Y, ó sọ àmì abẹ́ Ọ di òdòdó pupa. Oòrùn ti ń rọ̀.

Mo ní, "Bùọ̀dá, àbí ẹ ò mọ D ni?"

"Ọ̀gá tíṣà, rọra. Ọkọ̀ kì í gbéra kí ọ̀dà tó gbẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Àǹtí, tó jókòó sórí àpótí ẹrù rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Bùọ̀dá yìí ni Àǹtí ì bá fẹ́, ká ní bàbá àgbà ò ti fà á fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n pè é wọkọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ òdòdó náà. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá àgbà ní kó fi kẹrosíìnì nù ún. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ náà dé, ó jókòó, ọkọ̀ sì gbéra.